Eyín Kan, Gbèsè Ọdún Kan

Ó ti di àṣà wa nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́dọọdún pé kí a máa jiyàn lórí àkọtọ́, kí a máa tú ewì palẹ̀, kí a sì máa dárò àṣà tí ó ń kú lọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ní kí a kà. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in tẹ́rùn. Kí ó ṣáà rántí pé eyín náà ni ó fi ń rín in.

Yorùbá kò fi eyín ṣeré. Bí ọmọ ọwọ́ bá yọ eyín àkọ́kọ́, tilé-toko ni a ń ròyìn rẹ̀ fún. Bí eyín ọmọdé bá ká, a ó ní kí ó jù ú sórí òrùlé kí òmíràn lè hù. Ẹni tí ó bá dá èjí, a kà á kún arẹwà láìwo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀, ọmọ tí kò tíì fọ ẹnu kì í lanu kí àgbà. Síbẹ̀, bí eyín yìí kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun ni, a kì í kà á sí àìsàn. Ibà ni àìsàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni àìsàn. Ti eyín, a ó ní, 'Eyín lásán ni.' Gbólóhùn 'eyín lásán' yìí ni ó sọ ilé wa di onígbèsè, òun náà ni ó sì mú mi kọ̀wé.

Èrúwà ni wọ́n bí mi sí, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá. Gàrí àti láfún ni ìyá mi ń ṣe. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023, eyín inú lọ́hùn-ún kan bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n lápá òsì. Wọ́n fi omi gbígbóná oníyọ̀ yọ́ ẹnu. Wọ́n fi aṣáà sí ihò eyín náà. Wọ́n ra oògùn ara ríro lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n bá ọ̀kan nínú àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ pàdé. Ọkùnrin náà fi òwú yọ kòkòrò funfun kan jáde lẹ́nu èrò kan lójú gbogbo ayé; ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ìyá mi ra ìgò kan. Eyín náà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wá sílé, mo ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n bá yín yọ ọ́.' Wọ́n ní, 'Àkànbí, ta ni yóò bá mi ta gàrí ọjà ọ̀la? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Eyín lásán ni, yóò lọ.' Mo padà sí ilé-ìwé. N kò tún sọ̀rọ̀ eyín náà mọ́ títí ó fi di oṣù kọkànlá, n kò sì lè gbé ẹ̀bi ti èmi náà pamọ́.

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi wú títí ó fi dé ọrùn. Ẹnu wọn kò là mọ́, itọ́ kò ṣeé gbé mì. Nọ́ọ̀sì tí bàbá mi sáré lọ pè gún wọn lábẹ́rẹ́, ó wo ọrùn wọn, ó ní, 'Bàbá, ẹ má dúró di àárọ̀. Bí wíwú yìí bá dé ọ̀nà ọ̀fun, èémí ni yóò dí.' Wọ́n háyà mọ́tò ní ₦25,000, nítorí ọdún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ni, kò sì sí awakọ̀ tí yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóru. Wọ́n gba ọ̀nà Ìdó. Aago kan òru ti kọjá nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwòsàn kan ní Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi bàbá mi níbẹ̀ ni pé, 'Bàbá, èló lẹ mú wá?' Wọ́n ní kí bàbá san ₦60,000 kí wọ́n tó lè gbé aláìsàn wọlé. ₦23,000 ni ó kù lápò bàbá. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Mo jí àwọn mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún mú un wá, ẹni tí ó fi owó ìwé pamọ́ yọ ọ́. ₦37,000 ni gbogbo wa kó jọ, a fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó lé ní wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyá mi. Orí àga onípákó ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ọrùn síwájú kí èémí lè ráyè kọjá.

Nígbà tí owó pé, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, dókítà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó la abẹ́ àgbọ̀n, ọyún jáde, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n sì yọ eyín náà lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyá mi lò níbẹ̀. Mo kọ gbogbo ìnáwó náà sínú ìwé kan tí mo ṣì ní lọ́wọ́: mọ́tò, ₦25,000, owó àkọ́kọ́, ₦60,000, oògùn àti omi tí a fà sí wọn lára, ₦71,500, àyẹ̀wò àti fọ́tò egungun, ₦18,000, èyí tí a san kí wọ́n tó ní kí a máa lọ, ₦32,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦206,500. Lọ́jọ́ tí a ń lọ sílé, mo bi nọ́ọ̀sì kan pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní oṣù kẹjọ la mú wọn wá ńkọ́?' Ó ní, '₦8,000 ni wọn ì bá fi yọ ọ́ fún yín, ẹ ó sì ti délé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.'

Ẹ bá mi fi méjèèjì wéra. ₦8,000 di ₦206,500. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 26.

Níbo ni owó náà ti wá? Àbúrò bàbá mi mú ₦30,000 wá, àwọn obìnrin àdúgbò dá ₦11,500 jọ, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ₦80,000 ni a yá lọ́wọ́ olówó èlé. Àwọn àgbà ló fún irú gbèsè yìí ní orúkọ tí ó bá a mu, sógúndógójì. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦8,000 lóṣooṣù. Ẹ wo iye owó náà dáadáa: iye tí wọn ì bá fi yọ eyín ọ̀hún gan-an ni. Oṣù méjìlá gbáko ni ìyá mi fi san án, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni ń yọ eyín kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejìlá ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú owó kò dín, wọ́n ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n fi san án kúrò. Lónìí, ìyá mi ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ rin lọ́dọ̀ àwọn tí ó máa ń gbé tiwọn wá rin lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ìrora eyín ti lọ. Ìyẹn ni kò tíì lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá-sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí ni pé ìtọ́jú eyín fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Pípẹ́ kí a tó lọ ni ó wọ́n. Bí ihò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lu, dídí ni wọn yóò dí i. Bí ó bá dé ibi iṣan inú eyín, ó di yíyọ. Bí ọyún bá gba abẹ́ eyín lọ sí àgbọ̀n àti ọrùn, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní gbogbo ìpele yìí, bí ìrora ti ń ga ni owó ń ga. Àìtètè mú olè, olè mú olóko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti àwa ará oko nìkan ni. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí a rò pé owó ń hù lórí igi níbẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan kú nítorí pé ọyún eyín rẹ̀ rìn dé ọpọlọ. Nǹkan bí dọ́là 80 ni wọn ì bá fi yọ eyín náà. Iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un kí ó tó kú lé ní dọ́là 250,000. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kọ ọ́ ní ọdún 2022 pé nǹkan bí bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni àrùn ẹnu àti eyín ń bá fínra. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù keje ọdún 1948, ọdún mẹ́ta péré ni ó pé tí ìjọba fi ní kí àwọn ènìyàn máa sanwó eyín àtọwọ́dá. Aneurin Bevan, mínísítà tí ó dá ètò náà sílẹ̀, bínú kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1951. Ó jọ pé níbi gbogbo, bí owó bá ti ń tán, eyín ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún mi pé, 'Ìwọ ọmọ tí ń kọ́ èdè Yorùbá, ṣé o ti gbàgbé oògùn ìbílẹ̀ ni?' N kò gbàgbé. Orín ata ni mo fi fọ ẹnu láàárọ̀ òní. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí igi náà láti àwọn ọdún 1970, wọn kò sì fojú yẹpẹrẹ wò ó. Orín ń fọ eyín, ó ń lé kòkòrò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọyún tí ó ti há sínú egungun àgbọ̀n kò gbọ́ ti orín. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Wọn kò ní kí ó jókòó sílé kí ó máa fi aṣáà sí i. Ní ti ọkùnrin inú ọkọ̀ àti kòkòrò funfun rẹ̀, inú òwú ni kòkòrò náà ti wá, kì í ṣe inú eyín.

Àwọn mìíràn yóò ní òfin ni kí a tọ̀ lọ. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé-ìwòsàn tí ó gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tí ó bá rú òfin náà yóò san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka abala yìí, omi bọ́ lójú mi. Ọdún kẹsàn-án tí òfin náà ti wà nílẹ̀ ni bàbá mi dúró níwájú tábìlì lóru ọjọ́ yẹn tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ó jalè. Bàbá mi kò mọ̀. Èmi tí mo wà ní yunifásítì kò mọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú ìwé ni ó sì sùn sí.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀rọ̀ gún ilé-ìwòsàn nìkan lójú. Àwọn náà ń ra dísù, wọ́n ń ra oògùn. Ẹ ó rántí pé nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, tí owó Augmentin, tí dókítà máa ń kọ fún irú ọyún bẹ́ẹ̀, sì fò sókè kọjá ọwọ́ tálákà. Òfin ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ó dára. Ta ni yóò san án padà fún wọn? Òfin 2014 yẹn kò gbàgbé èyí náà. Ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, ó sì ní kí ìdá 5 nínú 100 owó náà máa lọ sí ọ̀dọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ohun tí ó yẹ kí a máa bi àwọn aṣòfin wa nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ni pé: ìdá 5 yẹn dà? Èló nínú rẹ̀ ni ó dé Ìbàràpá?

Kí a tó rí ìdáhùn, kí ni àwa lè ṣe? Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé owó eyín kì í ṣe ohun tí a ń wá lóru tí eyín bá wú. Kí ó tó ro ni a ń tọ́jú rẹ̀, ọgbọ́n bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìyá mi fúnra wọn ń dá àjọ. Wọ́n ń dá a fún aṣọ ọdún, wọ́n ń dá a fún owó ilé-ìwé mi. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún wọn rí pé a lè dá àjọ fún àìsàn.

Àjọ àìsàn yìí kan náà ni ìjọba ń pè ní adójútòfò ìlera. Òfin rẹ̀ jáde ní 1999, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n sì fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú oṣù karùn-ún ọdún 2022, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì ní kí àpò kan wà fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀ tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò lè fi orúkọ sílẹ̀ sí. Nínú ìtọ́jú tí ìlànà ètò ìjọba àpapọ̀ kà sílẹ̀ ni ti eyín wà: kí dókítà wò ó, kí wọ́n mú ìrora rọlẹ̀, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n sì yọ èyí tí yíyọ rẹ̀ kò le. Kò ní fi eyín wúrà sí ọ lẹ́nu o, kò sì ní to eyín tí ó wọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n eyín ₦8,000 tí ó di gbèsè ọdún kan, inú rẹ̀ ni ì bá bọ́ sí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ètò tiwa nínú rẹ̀. Èmélòó nínú wa ni ó ti lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilé-ìwé wò pé, 'Ti eyín ńkọ́?' Ẹ lọ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ìrora.

Mo mọ èyí tí ẹ ó sọ: a ti san owó ìjọba rí, a kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ìdí tí ìyá mi fi ń dá àjọ ni pé wọ́n mọ alájọ, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìyá tí ó bí i. Adójútòfò jẹ́ àjọ tí a ń dá pẹ̀lú ẹni tí a kò mọ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ni kí ó dúró láàárín. Bí ẹgbẹ́ àwọn oní-gàrí tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá jọ fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a bá fi ojú pa ọ̀kan nínú wọn rẹ́, gbogbo wọn ni yóò lọ béèrè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ kan sì tún lè ní àpò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: obìnrin 40 tí wọ́n bá ń dá ₦500 lóṣooṣù, ₦20,000 ni lóṣù, ₦240,000 ni lọ́dún. Ó ju gbogbo ohun tí eyín ìyá mi ná wa lọ. Bí wọ́n bá sì ń fi ₦8,000 tètè yọ eyín fún ẹni tí ó ń ro, 30 ènìyàn ni yóò rí ìtọ́jú níbẹ̀ láàárín ọdún kan.

Owó nìkan kọ́ o. Dókítà eyín gbọ́dọ̀ súnmọ́ ènìyàn, nítorí pé owó ọkọ̀ àti ọjà tí a pa tì wà nínú owó eyín. Ìbàràpá kì í ṣe ilẹ̀ tí ìmọ̀ ìṣègùn kò dé. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera ará ìgbèríko. Ní Ìdèrè níhìn-ín, sòbìyà ti fi ìyà jẹ ènìyàn tí kì í ṣe kékeré. A gbógun tì í títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ní Èrúwà tiwa ni Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí dá ilé-ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ sí ní 1986. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ni bàbá náà fi ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń dá iná sí láti sọ omi di mímọ́ fún ìtọ́jú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ọgbọ́n yẹn ṣe títí tí wọ́n fi papò dà ní 2015. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni pé bí a bá dín owó irinṣẹ́ kù, owó tí a ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn yóò dín.

Ǹjẹ́ a kò lè ṣe irú rẹ̀ fún eyín? A lè ṣe é. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń dí ihò eyín láìlo iná mànàmáná: irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí inú ihò kúrò, wọn a sì fi èròjà tí ń lẹ̀ mọ́ eyín dí i. Èròjà náà ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2021. Abẹ́ igi ni a ti lè ṣe é. Bí àwọn tí ń kọ́ ìwòsàn eyín bá ń yí ìlú méjèèje Ìbàràpá ká lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, ní ọjọ́ ọjà, ọ̀pọ̀ eyín ni kò ní dé ibi tí a ó ti máa háyà mọ́tò lóru.

Wàyí o, iṣẹ́ tiwa dà? A kì í ṣe dókítà, a kò sì lówó. Èdè ni a ní. Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Ìkínní, kí a túmọ̀ abala 20 òfin yẹn sí Yorùbá tí ìyá oní-gàrí yóò gbọ́, kí a kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú un lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà ìsinmi, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà àti ilé-ìwòsàn. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìtọ́jú eyín tí ó wà nínú adójútòfò pẹ̀lú. A ti fi Yorùbá túmọ̀ ohun tí ó le ju èyí lọ fún máàkì. Ẹ jẹ́ kí a fi túmọ̀ èyí fún ẹ̀mí.

Ìkejì, kí ẹgbẹ́ yìí dá àpò ìlera sílẹ̀. Bí 200 nínú wa bá dá ₦1,000 lọ́dún, ₦200,000 ni. Kí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí eyín bá ro ọmọ ẹgbẹ́ ni a ó fún un ní owó, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wú. Kí iye tí ẹnì kan lè gbà má ju ₦15,000 lọ, kí a má gba èlé lórí èyí tí a bá yá ènìyàn, kí ìwé ìṣirò rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jí lóru nítorí ìyá mi ti fi hàn mí pé ọkàn rẹ̀ wà lára wa. Ètò ni ó kù.

Ìkẹta, kí a jáwọ́ nínú 'eyín lásán'. Àwa tí a ń kọ́ bí ọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn. Bí màmá yín bá sọ ọ́ lórí fóònù lálẹ́ òní pé eyín kan ń ro wọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má sọ pé ẹ ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá délé. Ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n lọ́la bóyá wọ́n lọ.

Ní ti èmi, mo ti ń dá àjọ kan. Kì í ṣe ti aṣọ ọdún. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ fi rà. Ó kù díẹ̀ kí ó pé.